Òfin tí Japheth Oyèdélé Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

Àkíbù ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ ní agbo ilé wọn ní Bẹ́yẹrúnká, Japheth sì ni orúkọ tí àlùfáà ìjọ fún un nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi. Ní ojú pópó Bẹẹrẹ, níbi tí ó ti jókòó sídìí tábìlì fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó ń pè é ní ọ̀kan nínú méjèèjì. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é. Kì í sì í ṣe lọ́yà. Kò dé ìlú òyìnbó rí, kò wọ ẹ̀wù dúdú àwọn lọ́yà rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń wí yìí, tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìbàdàn, wọn kì í jẹ́ kí lọ́yà wọ kóòtù ìbílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀wé kọ, tó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun èèyàn, òun náà ni lọ́yà àwọn tí kò rí lọ́yà gbà.

Ọ̀sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ bí i ni ìyá náà kú. Bàbá rẹ̀ bá àwọn ọmọ ogun lọ sí Kírìjì nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sì padà. Idà rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ nìkan ni ẹnì kan mú wá sílé. Ẹ̀yìn Kúbúrá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ni ó dàgbà sí. Kúbúrá fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Ìgbóná ti mú un ní kékeré, ìyẹn àìsàn burúkú tí í sú bo gbogbo ara, tí àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ, ó sì ti fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ sí ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Kò jẹ́ kí ìyẹn dá òun dúró. Ó ń rẹ aṣọ láró, apá rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, ohùn rẹ̀ sì máa ń ti ìdí ìkòkò aró dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá sì yan odì, ó lè yàn án títí ọdún yóò fi yípo.

Òun ló mú àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé àwọn onígbàgbọ́. Àwọn àgbà agbo ilé pè é jókòó.

“Kúbúrá, ọmọ mùsùlùmí lo lọ mú fún àwọn onígbàgbọ́?”

“Ẹ bá mi wá ẹni tí yóò máa fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nínú agbo ilé yìí,” ni ó dá wọn lóhùn, “n ó sì lọ mú un padà wá lọ́la.”

Ó dìde, ó padà sídìí aró rẹ̀.

Ọmọ náà mọ̀wé. Ó di tíṣà, ó pa iṣẹ́ náà tì, ó gba Ẹ̀kó lọ. Níbẹ̀ ni ó ti ń ṣe akọ̀wé fún lọ́yà ọmọ Sàró kan. Ọdún méje ni ó fi ń da ìwé ẹjọ́ kọ, títí ó fi lè sọ, láì ka ìparí, ibi tí ẹjọ́ yóò já sí. Ó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní ìlú òyìnbó, kò rọ́nà lọ. Nígbà tí rélùwéè dé Ìbàdàn, ó wọ̀ ọ́ padà wálé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Louisa, tíṣà bíi tirẹ̀, ó sì gbé tábìlì kan síwájú ilé ní Bẹẹrẹ.

Ẹjọ́ tó sọ ọ́ di olókìkí ni ti Ọlábọ̀wálé, ahunṣọ kan ní Òjé. Ahunṣọ mìíràn ló sọ pé Ọlábọ̀wálé jí aṣọ òun gbé. Gbogbo ènìyàn ló ń búra. Japheth kò búra, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni búra. Ìwé ojú kan péré ni ó kọ sí kóòtù: ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó sídìí òfì níwájú yín, kí oníkálùkù hun ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tí à ń jà sí. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Ọlábọ̀wálé ṣe ń fa òwú etí aṣọ le yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì pátápátá, etí aṣọ tí wọ́n ń jà sí sì bá tirẹ̀ mu, ojú àwọn ìjòyè rí i, ọ̀rọ̀ tán.

Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè tó wà níbẹ̀ ni Olóyè Gàníyù, arúgbó jagunjagun tí apá òsì rẹ̀ ti gan láti ojú ogun. Òun ló ní kí wọ́n fi Japheth sínú ìgbìmọ̀ ìlú.

“Láti ìgbà tí òyìnbó ti dé ni mo ti ń tẹ àtàǹpàkò sí ohun tí n kò lè kà,” ni ó wí fún un. “Wá jókòó tì mí, kí n máa mọ ohun tí mò ń tẹ̀ ẹ́ sí.”

Báyìí ni ọmọ tí kò ní bàbá di aṣòfin. Ó ń bá wọn gbọ́ ẹjọ́, ó ń bá wọn ṣe òfin ìlú, ó sì ń túmọ̀ ohun tí òyìnbó aṣojú ìjọba, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ajẹ́lẹ̀, bá fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ lọ sí ìgbìmọ̀, Kúbúrá ti Bẹ́yẹrúnká wá, ó dúró sí òdìkejì ọ̀nà pẹ̀lú apá aró rẹ̀, ó ń wò ó bí ó ṣe ń wọlé. Kò kí i. Ó kàn wò ó tán, ó padà sídìí iṣẹ́.

Ní ọdún kẹta tí ó wọ ìgbìmọ̀ ni ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ nínú ọyẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti agbo ilé kan nítòsí Mápó, kí oṣù tó lé, wọ́n ti ń gbé òkú jáde ní àdúgbò mẹ́rin. Ajẹ́lẹ̀ fẹ́ òfin kíákíá. Japheth ni wọ́n ní kó kọ ọ́.

Tọkàntọkàn ni ó fi kọ ọ́. Ó ti rí bí wọ́n ṣe ń ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ ní Ẹ̀kó, ó gbà pé òun náà ló lè gba Ìbàdàn là. Ẹsẹ mẹ́jọ ni òfin náà. Kí a kọ́ àgọ́ sẹ́yìn odi ìlú. Kí a gbé ẹnikẹ́ni tí àìsàn náà bá mú lọ síbẹ̀. Kí àwọn akódà kóòtù máa wá wọn láti ilé dé ilé. Kí ẹni tí ara rẹ̀ le má ṣe wọ inú àgọ́. Kí ẹni tó bá fi aláìsàn pamọ́ lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ó kọ ọ́ ní Yorùbá tó dán mọ́rán, débi pé nígbà tí akéde ń ké e ní Ọjà'ba, àwọn èèyàn dúró gbọ́ ọ.

Olóyè Gàníyù nìkan ló béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó tẹ àtàǹpàkò sí i.

“Ta ni yóò máa bá wọn pọnmi níbẹ̀?”

“Wọn yóò rí sí i, Bàbá.”

“Ta ni ‘wọn’?”

Japheth ní àwọn òṣìṣẹ́ Ajẹ́lẹ̀ yóò ṣètò rẹ̀. Arúgbó náà wò ó díẹ̀, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, tí ìránṣẹ́ fi dé láti Bẹ́yẹrúnká pé Kúbúrá ń pè é. Nígbà tí ó débẹ̀, ó bá ilẹ̀kùn iyàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní títì.

“Àkíbù, wọlé, kí o sì ti ilẹ̀kùn padà.”

Kúlúsúmù ló wà lórí ẹní. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ọmọ mẹ́fà ni Kúbúrá bí, òun nìkan ló kù. Wọ́n ti fi osùn pa á lára, ṣùgbọ́n kò sí osùn tó lè bo ohun tó ti sú sí i lójú àti lọ́wọ́ mọ́lẹ̀. Ó la ojú nígbà tí ó gbọ́ ohùn, ó ní, “Bàbá Bẹẹrẹ, ẹ káàsán,” ó sì tún pa á dé.

Japheth kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe. Ó fi wọ́n sẹ́yìn.

“Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀?”

“Ọjọ́rú. Èmi nìkan ni mò ń wọlé tọ̀ ọ́. Fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré, kó kọjá lára rẹ̀. Má jẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ débí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó wà nínú agbo ilé yìí lé ní ọgọ́ta. Ọmọ Yẹ̀kínì ń rákò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí.”

“Mo mọ iye wọn. Mo ti ilẹ̀kùn.”

“Ibi tí wọn yóò gbé e lọ, wọn yóò tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀.”

“O ti débẹ̀?”

“Mo mọ ohun tó wà nínú ìwé.”

“Mo ní ṣé o ti débẹ̀.”

Japheth fà sẹ́yìn sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ní òun yóò rò ó. Kúbúrá bu omi ògì sínú igbá, ó gbé orí ọmọ rẹ̀ sókè, kò tún wo ibi tó wà mọ́.

Nílé, Louisa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí ó fi parí.

“Ẹ lọ wo àgọ́ yẹn ná,” ni ó wí. “Ẹ lọ lónìí.”

“Louisa, ṣé n ó máa lọ yẹ gbogbo ohun tí ìgbìmọ̀ bá ṣe wò ni?”

“Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ni mo sọ.”

Kò lọ. Ní ọjọ́ Àìkú ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwàásù. Bí wọ́n ṣe ń jáde ni ó gbọ́ pé ọmọ Yẹ̀kínì, èyí tó ń rákò, ti ń gbóná láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣẹ́ ẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó kọ ìlà mẹ́rin sí Adéyẹ́misí akọ̀wé kóòtù, ó fọwọ́ sí i. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé bí òun bá yọ ẹ̀jẹ̀ òun sílẹ̀ nínú òfin, kò sí ẹni tí yóò tún pa á mọ́ nílùú, gbogbo Bẹ́yẹrúnká yóò sì kú. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ ó da yíǹkì sí ìwé kìíní, ó ní láti kọ òmíràn.

Akódà mẹ́rin ló wá. Japheth tẹ̀lé wọn, ó rò pé òun lè tu ẹ̀gbọ́n òun nínú. Kúbúrá dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́.

“Ta ló sọ fún yín?” ni ó bi wọ́n.

Èyí tó kéré jù nínú wọn, tí kò mọ nǹkankan, dáhùn tinútinú, ó ní, “Lọ́yà ni, màmá. Ìwé rẹ̀ nìyí.”

Kúbúrá wo àbúrò rẹ̀ láàárín àgbàlá. Kò pariwo rárá, òun tí ohùn rẹ̀ máa ń kún gbogbo ilé. Ó kàn gbé ọmọ odó sókè, ó sì là á mọ́ akódà tó kọ́kọ́ wọlé ní èjìká, eegun ibẹ̀ sì kán. Mẹ́ta tó kù ló dì í mú. Wọ́n gbé Kúlúsúmù jáde lórí ẹní. Ọmọ náà ń na ọwọ́, ó ń pe, “Màámi, Màámi,” títí wọ́n fi yà ní orígun ilé. Wọ́n gbé ọmọ Yẹ̀kínì náà lọ. Wọ́n de Kúbúrá lọ́wọ́, wọ́n mú un lọ sí àtìmọ́lé.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Japheth lọ sí àgọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rù àìsàn kò bà á, nítorí wọ́n ti bupá fún un ní Ẹ̀kó kí ìgbóná má baà mú un. Akódà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó yà fún un.

Àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ mẹ́fà ni wọ́n kọ́ sínú ilẹ̀ tí wọ́n sun. Eérú ṣì wà nílẹ̀, atẹ́gùn ọyẹ́ ń gbé e sórí àwọn tó dùbúlẹ̀. Wọ́n ju àádọ́ta lọ, àgbà pẹ̀lú ọmọdé, àwọn mìíràn lórí ẹní, àwọn mìíràn lórí ilẹ̀ lásán. Ìkòkò omi kan ló wà láàárín gbogbo wọn, kò sì sí ju ìdajì lọ nínú rẹ̀. Odò jìnnà. Bàbá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ fọ́ níha kan ni olùtọ́jú gbogbo wọn.

“Ẹ̀yin nìkan?” ni Japheth bi í.

“Èmi nìkan, àfi ẹni tí ara rẹ̀ bá yá díẹ̀ nínú wọn tó lè gbé igbá. Láti Àlàmísì, mo ti sin mọ́kànlá.”

Ó rí Kúlúsúmù lábẹ́ àtíbàbà kẹrin. Ètè rẹ̀ ti là. Eṣinṣin bo ojú rẹ̀, kò lè lé wọn.

“Bàbá Bẹẹrẹ,” ni ó wí, “Màámi ń bọ̀?”

“Ó ń bọ̀.”

“Lónìí?”

Japheth bọ́ agbádá rẹ̀, ó mú ìkòkò, ó lọ sódò. Ìgbà mẹ́rin ni ó lọ tí ó bọ̀. Bí ó ṣe ń rìn, ẹsẹ òfin mẹ́jọ náà ń yí lórí rẹ̀, ó mọ̀ wọ́n sórí bí ẹni ń ka orin ìjọ: ti akódà, ti odi, ti ẹ̀wọ̀n. Kò sí omi nínú ọ̀kankan. Kò sí oúnjẹ. Kò sí ẹni tí yóò lé eṣinṣin. Nígbà tí ó da omi kẹrin sínú ìkòkò, ó wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sunkún pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ nínú aṣọ kí àwọn aláìsàn má baà gbọ́. Ọmọ Yẹ̀kínì ti kú kí ó tó kúrò níbẹ̀.

Ó gba ilé Ajẹ́lẹ̀ lọ tààrà. Wọ́n ní Ajẹ́lẹ̀ wà ní ìrìn àjò, ọjọ́bọ̀ ni yóò dé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó fi abọ́ ẹ̀kọ àti kèrègbè omi lé orí, ó padà sí àgọ́. Akódà àná ni, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó na kùmọ̀ rẹ̀ dí ọ̀nà.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Akọ̀wé kóòtù ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ẹsẹ kẹrin. Ẹni tí ara rẹ̀ le kò gbọdọ̀ wọlé.”

“Jẹ́ kí n kàn gbé omi yìí fún ọmọ náà.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà.” Ọkùnrin náà kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó ń bẹ̀bẹ̀.

Japheth dúró sẹ́yìn ọgbà títí oòrùn fi pọ́n. Ó ń ké orúkọ Kúlúsúmù láti ibẹ̀. Kò gbọ́ ìdáhùn. Bàbá arúgbó náà wá gba omi náà lọ́wọ́ rẹ̀ láti òkè ọgbà, ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ni yóò mu ún kó tó dé àtíbàbà kẹrin?

Ní ọjọ́rú ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ Kúbúrá ní kóòtù, Olóyè Gàníyù sì ni alága. Japheth jókòó sí ipò tirẹ̀ láàárín àwọn onídàájọ́. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Ó ti gbẹ ní ọjọ́ méjì.

“Wọ́n ní o fi ọmọ rẹ pamọ́, o sì lu akódà,” ni Gàníyù wí. “Kí lo rí sọ?”

“Mo fi ọmọ odó lù ú. Bí ó bá tún wá gbé ọmọ mi, n ó tún lù ú.”

Nígbà náà ni Japheth dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ láti ibi ìjókòó àwọn onídàájọ́, ó lọ dúró sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sí. Kúbúrá sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan. Adéyẹ́misí akọ̀wé fò dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, àṣẹ kóòtù yìí ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ẹjọ́ ẹlòmíràn rò.”

“N kò gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò. Ẹ̀rí ni mo wá jẹ́.”

“Ẹ̀rí ta ni?” ni Gàníyù béèrè.

“Tèmi, Bàbá. Ẹ ti bi mí léèrè ẹni tí yóò máa pọnmi, mo sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán dá yín lóhùn. Mo ti débẹ̀ báyìí. Kò sẹ́ni tó ń pọnmi. Òùngbẹ ń pa àwọn tí àìsàn kò tíì pa.” Ó sọ gbogbo ohun tó rí: eérú, ìkòkò kan, arúgbó kan, òkú mọ́kànlá. Ó ń sọ ọ́ wuuruwu, òun tí kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣáájú ibi tó yẹ ẹ́. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun kò já sí ibì kankan. Àánú ń ṣe àwọn ìjòyè náà, ṣùgbọ́n àánú kò ní ẹsẹ nínú ìwé tí wọ́n tẹ àtàǹpàkò sí.

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bóyá ó fẹ́ tọrọ àforíjì, òun pàápàá kò mọ̀. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sí ojú Kúbúrá, ó sì rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ náà. Ojú yẹn ni ó ti ń wò láti ìgbà tí ó ti ń wo ohunkóhun láyé, débi pé kò rí i mọ́.

“Bàbá,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú rẹ̀.”

Gbogbo kóòtù wò ó.

“Ìgbóná ti mú un rí. Kì í mú ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo àgbà tó wà níhìn-ín mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ ẹsẹ kẹrin ni kí àìsàn má baà ti àgọ́ wọ ìlú. Kò lè tara rẹ̀ wọ̀lú. Dípò kí ẹ gbé e jókòó sẹ́wọ̀n fún oṣù mẹ́ta, ẹ tì í mọ́ inú àgọ́. Àgọ́ náà le ju ẹ̀wọ̀n lọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún obìnrin tí ojú wọn rí báyìí ló wà nílùú yìí, Bàbá, a sì fi àádọ́ta ènìyàn sílẹ̀ fún arúgbó kan.”

Àwọn ìjòyè forí korí. Olóyè Gàníyù fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ní Ajẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó ṣẹ. Ìyẹn gba ọjọ́ kan sí i. Ní ọjọ́bọ̀, Ajẹ́lẹ̀ ní kí ọ̀rọ̀ náà dúró de ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Japheth fọwọ́ lu tábìlì òyìnbó náà. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tó dán ìyẹn wò rí lójú àwọn akọ̀wé. Ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀. Ó dúró láti òwúrọ̀ títí ọ̀sán fi ń rọ̀, títí òyìnbó náà fi fọwọ́ sí ìwé kí ó lè rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Kúbúrá wọ àgọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Japheth ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó.

Kúlúsúmù ṣì wà láàyè. Bàbá arúgbó náà ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà fún Japheth. Ojú ọmọ náà ti dí, kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó mọ̀ ọ́n. Ó mu omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ògì díẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun yún ẹ̀yìn òun. Ó sùn sí itan ìyá rẹ̀ lóru ọjọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì. Ní òwúrọ̀ Sátidé ó kú. Ìyá rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́, òun àti arúgbó náà ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Àáfà kan láti Bẹ́yẹrúnká dúró sẹ́yìn ọgbà, ó kírun sí i lára láti ibẹ̀. Japheth dúró lẹ́yìn àáfà náà, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí Gàníyù ránṣẹ́ pé kí Kúbúrá máa bọ̀ nílé, ó kọ̀. Ó ní oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá fún òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi. Àwọn obìnrin olójú ihò mìíràn gbọ́, wọ́n wá bá a, méjì láti Òjé, ọ̀kan láti Òkè Padre, lẹ́yìn náà wọn ò níye mọ́. Títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, a rí nínú àwọn tí wọ́n gbé wọ àgọ́ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn padà wálé.

Japheth kọ ẹsẹ mẹ́rin kún òfin náà: omi, oúnjẹ, àwọn olùtọ́jú tí ìgbóná ti mú rí, àti pé kí a má ṣe ya ìyá tó bá fẹ́ tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ìpàdé mẹ́fà ni ó fi jà fún un. Ẹsẹ mẹ́ta kọjá. Èyí tó kẹ́yìn, tí ó fẹ́ jùlọ, kò kọjá. Kí ọdún tó yípo, Ajẹ́lẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìgbìmọ̀ tuntun mọ́. Kò sí ẹni tó sọ ìdí fún un, kò sì béèrè.

Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Àwọn èèyàn rí i pé ó ti yí padà. Kò ní kọ ìwé nípa ilẹ̀ tí kò bá tíì fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tàbí ilé tí kò bá tíì wọ̀. Àwọn tó ń kánjú fi í sílẹ̀ lọ bá akọ̀wé mìíràn. Ní gbogbo ọdún Iléyá, ó máa ń lọ kí wọn ní Bẹ́yẹrúnká. Kúbúrá yóò dá gbogbo ènìyàn lóhùn, yóò sì dìde lọ sídìí ìkòkò aró rẹ̀ tí ó bá kan Japheth. Louisa bá a bẹ̀ ẹ́. Yẹ̀kínì, tí ọmọ tirẹ̀ kú, bá a bẹ̀ ẹ́. Ọdún méje.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni obìnrin kan wá jókòó sórí àpótí níwájú tábìlì, bí gbogbo àwọn tó ń wá kọ̀wé ṣe máa ń jókòó. Japheth gbé ojú sókè láti inú ohun tó ń kọ. Apá aró ni ó kọ́kọ́ rí.

“Wọ́n fẹ́ la ọ̀nà gba ibi àgọ́ yẹn,” ni Kúbúrá wí. Irun rẹ̀ ti funfun. “Àwọn lébìrà ti ń gbé ọkọ́ lọ síbẹ̀. Mo fẹ́ kí o kọ ọ́ pé kí wọ́n fi ibi tí a sin wọ́n sí sílẹ̀.”

Japheth ti ohun tó ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbẹ́ wo ni Kúlúsúmù wà? N ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.”

“Gbogbo wọn ni mo sọ. Ṣé o fẹ́ kọ ọ́ àbí o ò kọ ọ́?”

“Ẹ jẹ́ ká lọ wo ibẹ̀ ná.”

Kúbúrá dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó sì ṣáájú. Wọ́n rìn dé ẹ̀yìn odi. Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí àwọn òkìtì tí igbó ti bò, ó ń pe orúkọ tí ó bá rántí, Japheth sì ń kọ wọ́n sílẹ̀ ní ìdúró. Orúkọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n rí kọ.

Ìjọba fi ìdajì ilẹ̀ náà sílẹ̀, ọ̀nà gba ìdajì yòókù. Kúbúrá gbọ́ èsì náà, ó ní ìdajì kò tó. Japheth ní òun mọ̀, òun yóò tún kọ̀wé. Ó kọ òmíràn, ó sì ń dúró de èsì rẹ̀ nígbà tí àìsàn àyà pa á ní ọjọ́ orí àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ ló sin ín. Kúbúrá ti Bẹ́yẹrúnká wá, ó dúró sẹ́yìn àwọn ẹbí Louisa títí wọ́n fi kọrin tán. Ní ọjọ́ kẹta, ó padà wá sí Bẹẹrẹ, ó béèrè lọ́wọ́ Louisa ibi tí ìwé tí Àkíbù kọ nípa ilẹ̀ náà dé dúró, ó sì ní kí ó bá òun ka ẹ̀dà rẹ̀.